Orúkọ Ọba La Fẹ́, A Ò Fẹ́ Ọba

A kì í ṣe òpìtàn o. Kọ́ọ̀dù la ń kọ, àwa mẹ́ta, nílùú London. Ṣùgbọ́n Sátidé kan tí a ṣeré lọ sí Tower of London, tí a dúró níbi tí wọ́n ní Ọba Henry Kẹfà kú sí, ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa ló wá sí wa lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọba náà ná. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni Henry nígbà tó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1422. Ó dàgbà tán, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àdúrà àti ìwé ló fẹ́ràn. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ Eton sílẹ̀. Ní 1453, àìsàn kan kọlù ú, ó lé lọ́dún kan tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n gbé ọmọ tuntun tí ìyàwó rẹ̀ bí wá bá a, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìdílé Lancaster tirẹ̀ àti ìdílé York. Edward Kẹrin gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1461. Ní 1465 wọ́n mú un, wọ́n tì í mọ́ Tower.

Ta ló wá mú un jáde ní October 1470? Warwick ni o! Ìjòyè ńlá yìí kan náà ló ran Edward lọ́wọ́ tó fi gorí oyè. Òun àti Edward ti wá jà, ó ń wá ọba mìíràn, ó sì rántí pé ọ̀kan wà ní túbú. Wọ́n wọṣọ fún Henry, wọ́n dé e ládé. A ò rò pé ẹnì kan bi í bóyá ó fẹ́.

Kò ju bí oṣù mẹ́fà lọ. Edward, tó ti sá lọ sí Burgundy, padà dé ní March 1471. Bó ṣe ń sún mọ́ London, àwọn tó wà lẹ́yìn Warwick mú Henry yí ìgboro ká kí ará ìlú lè gbè é. Aṣọ búlúù gbọọrọ kan ló wọ̀, bí ẹni tí kò ní òmíràn. Edward wọ London ní April 11. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Warwick kú lójú ogun ní Barnet. Ní May 4, ọmọ Henry kú ní Tewkesbury. Ní May 21, Henry náà kú sínú Tower.

Àwa ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tó dá iléeṣẹ́ wa sílẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àìsàn. Nígbà tí àwọn olówó fẹ́ yọwọ́, àwa la lọ bẹ̀ wọ́n nílé pé kí wọ́n padà. A mọ̀ pé ara wọn ò tíì yá. Orúkọ wọn la nílò lórí íméèlì, ojú wọn la nílò nípàdé. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, àwa là ń sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n tún dèrò ilé ìwòsàn.

Nídìí iṣẹ́ wa, bí kọ́ọ̀dù tuntun bá bàjẹ́, a máa ń dá ti àtijọ́ padà, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bóyá ibẹ̀ la ti kọ́ ìwà yẹn, a ò mọ̀.

Láti Tower, ilé ẹ̀gbọ́n la gbà lọ. Wọ́n rí wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Kí lẹ tún fẹ́ kí n fọwọ́ sí?"

A ní, "Kò sí nǹkan kan, sà. Ẹ̀yin la wá kí."