Ìrìn Wa sí Ìkọ̀yà: Ogun Tí Kò Lẹ́ṣin

A wọ Ìkọ̀yà ní òwúrọ̀, lẹ́yìn òjò. Láti Òkìtìpupa ni a ti gbéra, ọ̀pẹ sì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ojú wa rí lọ́tùn-ún lósì. Ìlú Abodì ni Ìkọ̀yà, ó sì lọ́lá púpọ̀ láàrin àwọn Ìkálẹ̀. Ìtàn àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ni a ń wá kiri. Nígbà tí a sọ ọ́ fún àwọn àgbà tí a bá níjòókòó, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹṣin wo ni yóò la igbó yìí já?"

Òdodo ni. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n òkè ọya ni a ti ń rà wọ́n wá, ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó sì gbà wọ́n. Bí wọ́n bá wọ inú igbó, eṣinṣin kan tí ń mu ẹ̀jẹ̀ a fi àìsàn sí wọn lára, wọn a sì kú. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo.

Ìdáhùn àwọn àgbà wọ̀nyí mú wa rántí ogun mìíràn tí a jà nínú igbó láìsí ẹṣin. Nígbà ogun àgbáyé kejì, bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà. Ní àfonífojì odò Kaladan, orí ni àwọn ènìyàn wa fi ru ẹrù ogun, ọkọ̀ òfúrufú ni ó sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fádoyèbọ̀, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà tí Ìkọ̀yà wà. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ogun ní 1942. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Japan kọlu àwọn olùtọ́jú aláìsàn tí ó wà láàrin wọn létí odò náà. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni a fi sílẹ̀ nínú igbó. Àgbẹ̀ kan tí à ń pè ní Shuyiman, Mùsùlùmí ará Rohingya, ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tí ó sì fi wọ́n pamọ́ sílé rẹ̀. Bí àwọn ọ̀tá bá mọ̀, òun àti ìdílé rẹ̀ ni ìbá kú. Títí di oṣù Kejìlá ni ó fi ṣe èyí, kí a tó gbà wọ́n là.

Isaac kọ ìtàn náà sínú ìwé tí a tẹ̀ ní 1999. Ní 2011, oníròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, mú ìwé ọpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì rí ìdílé náà. Shuyiman ti kú. Ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ ni a ti gbọ́ pé ilé wọn kò gbàgbé àwọn àlejò dúdú náà. Ní 2012, Isaac náà sùn. Láti oṣù Kẹjọ 2017, àwọn Rohingya tí ó lé ní 700,000 ni a lé kúrò ní ilẹ̀ wọn lọ sí Bangladesh. Àwọn ènìyàn tí ó fi ọmọ wa pamọ́ wá di ẹni tí ń wá ibi ìsápamọ́.

Ẹ̀yin òbí àti ọmọ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọdún 67 ni ọpẹ́ Isaac fi wà lọ́nà kí ó tó dé, ẹni tí ó ni ín kò sì gbọ́ ọ. Bí ìwé ogun baba àgbà yín bá wà nínú àpótí, ẹ ṣí i. Bí arúgbó kan bá kù nílé tí ó mọ ìtàn náà, ẹ bi í léèrè lálẹ́ òní. Bí ẹ bá sì jẹ ẹnikẹ́ni ní ọpẹ́, ẹ má fi í di ọ̀la.