Aáṣáà Kò Ní Èéfín

Màmá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Òkè-Àdó kò fa sìgá rí. Bí ẹnikẹ́ni bá tan sìgá nítòsí ìsọ̀ àlùbọ́sà wọn, wọn yóò lé e kúrò níbẹ̀. Aáṣáà ni tiwọn, èyí tí a máa ń bá wọn rà ní Ọjà'ba. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé kókó tó wà ní ọmú wọn jẹ́ jẹjẹrẹ, dókítà bi wọ́n bóyá wọ́n ń mu sìgá. Wọ́n ní rárá. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò pé.

Ewé tábà ni a ń lọ̀ tó ń di aáṣáà. Nikotíìnì wà nínú ewé náà, à báà sun ún, à báà fín in sí imú. Èéfín sìgá ní ọ̀pọ̀ májèlé mìíràn nínú, ṣùgbọ́n nikotíìnì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì wa ni ohun kan wà tó dà bí ihò kọ́kọ́rọ́. Ara fúnra rẹ̀ ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, acetylcholine ni orúkọ rẹ̀. Nikotíìnì jọ ọ́ débi pé òun náà lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Taiwan ròyìn pé ọ̀kan nínú àwọn ihò wọ̀nyí, alpha9, pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú ju lára sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká lọ. Nínú yàrá ìwádìí, nikotíìnì a máa ti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láti pọ̀ sí i, kó sì ṣí kúrò níbi tó wà. Ìṣíkúrò yìí ló léwu jù. Jẹjẹrẹ tó dúró sí ọmú ṣeé gé. Èyí tó ti dé egungun ṣòro.

N kò sọ pé aáṣáà ló fa àìsàn Màmá. Kò sẹ́ni tó lè fi ìdí ìyẹn múlẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé a kì í bu epo sí iná tí a fẹ́ pa.

Wọ́n ní, "Àjíkẹ́, ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń fín in. Ṣé òun náà lẹ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n fi arúgbó sílẹ̀ kí wọ́n jẹ ayé wọn. Ṣùgbọ́n Màmá kò tíì fẹ́ kú. Nígbà tí wọ́n padà lọ rí dókítà, àwọn fúnra wọn ló mẹ́nu ba aáṣáà. Dókítà ní ó dára tí wọ́n sọ ọ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, nítorí nikotíìnì a máa fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jinná. Orógbó ni wọ́n ń jẹ báyìí nígbà tí ọkàn wọn bá fà sí i. Nígbà mìíràn inú a máa bí wọn sí mi.

Òfin tábà ti 2015 kò gbà kí a ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Àmọ́ nínú ilé ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá tẹ̀lé ìyá yín lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ bá wọn ka gbogbo rẹ̀ fún dókítà: sìgá, ṣíṣà, sìgá oníbátìrì, àti aáṣáà tí kò ní èéfín.