Ẹ Wo Ọwọ́ Ọmọ Náà Kí Ẹ Tó Gbá A

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì gba àkàrà lọ́wọ́ àgbà ní Òkèhò yìí, kíá ni wọ́n á gbá a lọ́wọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn; ẹ̀kọ́ ilé ni. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ní 2001, Sotaro Kita àti James Essegbey gbé ìwádìí kan jáde láti Ghana lórí èèwọ̀ ọwọ́ òsì yìí. Wọn ò kó ẹnikẹ́ni wọ yàrá ìwádìí. Ọ̀nà ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn júwe fún wọn. Kódà bí ibi tí wọ́n ń júwe bá wà lápá òsì, àwọn kan á ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn ìbàdí, wọ́n á wá na ọ̀tún kọjá àyà. Àwọn mìíràn á fi òsì júwe fẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ṣé a kì í kúkú fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni! Ìyá mi ìbá ti sọ èyí fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé ò tíì dé ọwọ́ ọmọ oṣù mẹ́fà. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ mú ohun tó rí. Ọwọ́ náà á yà síhìn-ín, á dúró, á tún yà, kó tó débẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń so ẹ̀rọ kékeré tó rí bí aago mọ́ ọmọ lọ́rùn ọwọ́ báyìí, láti mọ bí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ bó ti ń ṣeré rẹ̀ nílé.

Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí lórí ẹní lè ṣe tirẹ̀ láìsí ẹ̀rọ. Ẹ gbé ṣíbí síwájú ọmọ, láàárín gan-an, kí ẹ máa wò ó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan sábà máa ń lo ọwọ́ méjèèjì, òní ọ̀tún, ọ̀la òsì. Bó bá jẹ́ òsì nìkan ló ń nà ṣáá, tó di ọ̀tún ní ìkúùkù, ẹ má pè é ní ọlọ́wọ́ òsì, ẹ má sì gbá a. Ó lè jẹ́ pé apá ọ̀tún ò lágbára tó. Bó bá jẹ́ ọ̀tún nìkan náà ló ń lò, ẹ má yọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nílé, torí bó bá dé iwájú dókítà, ó lè máa sunkún kó má na ọwọ́ kankan.