Mo Wá Baba Ńlá Wa Lọ Sínú Ìwé



Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi tó wà ní CM2 gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi lálẹ́. Olùkọ́ wọn ní kí oníkálùkù kọ orúkọ àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀ dé ibi tí ilé wọn bá mọ̀ ọ́n dé. Ó kọ tèmi, ó kọ ti bàbá mi, ó kọ ti bàbá àgbà. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ta ló bí bàbá àgbà?" Orúkọ lásán ni mo mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bí i, ibi tó ti wá, n kò mọ ọ̀kan. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìran Ábúráhámù láìwo ìwé! Ojú tì mí, mo sì pinnu láti wá ọkùnrin náà.

Ẹni tó bá mọ Issaba mọ irú ilẹ̀ wa. Amọ̀ dúdú ni. Bí òjò bá rọ̀, a máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí ọ̀dà, zémìjàn tó bá sì fi ipá wọ̀ ọ́, inú ẹrọ̀fọ̀ ló máa sùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ilẹ̀ kan náà a sán, a lanu débi pé ẹsẹ̀ ọmọdé lè bọ́ sínú rẹ̀. Inú ilẹ̀ yìí ni àwọn Ọ̀họ̀rí, tí ìwé Faransé ń pè ní Holli, ti ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti ata. Ẹrọ̀fọ̀ tí à ń ráhùn sí yìí náà ló ṣe ààbò fún àwọn baba wa láyé ogun Dàhómì, nítorí kò rọrùn fún ọmọ ogun láti gba inú rẹ̀ kọjá.

Inú àpótí bàbá mi ni mo kọ́kọ́ wò. Mo rí ìwé ìbí bàbá àgbà, èyí tí ilé-ẹjọ́ ṣe fún un nígbà tó ti dàgbà, tí à ń pè ní jugement supplétif. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní irú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí sọ ohun tí wọ́n mọ̀, akọ̀wé sì kọ ọ́: né vers 1908. Kí a ṣọ́ra fún "vers" yẹn: ìfojúdíwọ̀n ni. Nísàlẹ̀ ni orúkọ baba ńlá wa wà, àti iṣẹ́ rẹ̀: cultivateur. Ó parí. Ní Issaba, ilé ta ni kì í ṣe ilé àgbẹ̀?

Mo gba Pobè lọ. Mo kọjá lára oko ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1922. Níbẹ̀, wọ́n máa ń kọ akọ àti abo tí ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan ti wá sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín: ọ̀pẹ ní ìwé ìran, èmi kò ní!

Ní Àjàṣẹ́, ní ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ti ìjọba pamọ́ sí, mo jókòó fún ọjọ́ méjì. Ní 1899 ni ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí ní Dàhómì. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n gbé síwájú mi, mo rí orúkọ agbègbè wa, mo rí iye ènìyàn, mo rí orúkọ àwọn olóyè. Mo tún rí ọ̀rọ̀ àwọn tó bá ìjọba jà, nítorí nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní àwọn Ọ̀họ̀rí kọ owó-orí, wọ́n sì kọ kíkó àwọn ọmọ wọn sí ogun. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó san owó rẹ̀ tó padà sóko, kí ni kọmándàn fẹ́ kọ nípa rẹ̀? Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 tún pín àwọn ẹbí wa sí méjì, ìwé ti ọ̀hún sì wà ní èdè mìíràn. Iye ni mo rí, n kò rí baba.

Bí mo ti ń bọ̀ nínú tákísì, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí mo ti kà nípa rẹ̀ ń wá sí mi lọ́kàn. Kossola ni, ọmọ Yorùbá ìhà Bantè, ní orílẹ̀-èdè wa níbí. Ní 1860 ọmọ ogun Dàhómì kó ìlú rẹ̀, wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé òun àti nǹkan bí 110 ènìyàn lọ sí Mobile ní Alabama. Níbẹ̀ ló ti di Cudjo Lewis. Lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ abúlé tiwọn dó, Africatown. Zora Neale Hurston lọ bá a sọ̀rọ̀ ní 1927, ìwé náà sì jáde ní 2018. Kossola kú ní 1935. Ní 2019 wọ́n kéde pé wọ́n ti rí ìyókù ọkọ̀ náà nínú odò. Ẹ wo bí ìwé ṣe tò tẹ̀lé ọkùnrin kan! Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ná an: kò fojú kan ilé bàbá rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ìwé mọ ẹni tí wọ́n tà. Kò mọ ẹni tó sùn sílé rẹ̀. Bí baba ńlá wa kò bá sí nínú ìwé púpọ̀, bóyá ọpẹ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ dú.

Mo padà sí Issaba, mo lọ bá àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ọdún wo ni wọ́n bí baba ńlá wa?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún kẹ̀? Ta ló ń ka ọdún nígbà yẹn? Bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì ilé wa. Kétu jáde nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró níbẹ̀. Ó ní bàbá òun sọ fún òun pé nígbà tí Kétu fọ́, tí wọ́n sá wá sínú ẹrọ̀fọ̀ yìí, baba ńlá jẹ́ ọmọ tó ti lè ru ìdì iṣu kékeré.

Ẹ̀yin ará, ojú mi là. Ní 1886 ni Dàhómì fọ́ Kétu. Ọmọ tó ń ru ìdì iṣu kékeré lè tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. A jẹ́ pé nǹkan bí 1876 sí 1878 ni wọ́n bí i, ó sì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó bí bàbá àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá àti ìwé ilé-ẹjọ́ bára mu. Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa: Fadá Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhómì tó di àlùfáà Kátólíìkì, ní 1928, ti kọ ìtàn Kétu sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Ìyá mú mi lọ sóko, ó fi ọ̀wọ́ pèrègún kan hàn mí. Baba ńlá ló gbìn wọ́n sí ààlà. Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi náà ti kọ orúkọ sínú ìwé ìrìbọmi rí pẹ̀lú ìkánjú: orúkọ ẹni mímọ́ nìkan, láìbéèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ nílé, láìbéèrè abúlé ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọmọ náà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ni yóò rí? Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ ra ìwé kan sílé. Ẹ kọ orúkọ, oríkì, èèwọ̀, abúlé ìyá, ibi tí oko wà. Bí ẹ kò bá mọ ọdún, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, àti ẹni tó sọ ọ́ fún yín. Ẹ bi àwọn àgbà nísinsin yìí tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìyá wa kò kàwé. Ó ní kí ọmọ mi ka ohun tó kọ fún òun. Nígbà tó kan orúkọ baba ńlá, bí akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ti kọ ọ́ ni ọmọ náà ṣe pè é. Ìyá ní, "Rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ó pè é bó ti yẹ, lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà pa á rẹ́, ó sì tún un kọ.