Ẹ má pè é lájá o! Ẹranko ìgbẹ́ ló ń rìn nígboro Chicago

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Chicago, l'Amẹ́ríkà, lè rí i ní kùtùkùtù tó ń gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá, kó ní ajá tó sọnù ni. Irọ́ ni o, kóyótì ni. Lọ́dún 2007, ọ̀kan wọ ilé oúnjẹ kan láàárín ìgboro lọ́sàn-án gangan, ló bá lọ dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ síbi tí wọ́n ń kó ohun mímu tútù sí.

Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ rèé: etí ẹ̀ tóbi, ó ṣe ṣóńṣó, imú ẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín, ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ ẹ̀ dà bíi eérú tí wọ́n pò mọ́ yẹ̀pẹ̀ pupa. Ìkookò tóbi jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìrù gan-an ló ń tú u fó: ó kún, ìparí ẹ̀ dúdú, bó bá sì ń sáré, ìsàlẹ̀ ló máa ń já a sí. Ọ̀pọ̀ ajá, òkè ni wọ́n ń gbé tiwọn sí.

Kì í sábà kọlu èèyàn, àmọ́ ó ń pa ológbò àti ajá kékeré jẹ. Èyí tí wọ́n bá ti ń fún lóúnjẹ ló máa ń láyà. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ má ju egungun sí i, ẹ má sì sá fún un. Ẹ na ọwọ́ sókè, kẹ́ ẹ pariwo mọ́ ọn, yóò bá tiẹ̀ lọ.