Ìṣọ́ra àti Òdodo Nínú Iṣẹ́ Òògùn

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo di ọmọṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí òògùn ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó yé mi dáradára.

Ìwó ni mo ti kàwé, ní Yunifásítì Bowen, èyí tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 2001 sí ọgbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn wà láyé àtijọ́. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ni mo kọ́. Ó di dandan fún irú àwa bẹ́ẹ̀ láti fi oṣù díẹ̀ kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ètò tí a fi lélẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1973, kí ìmọ̀ wa má baà jẹ́ ti inú ìwé nìkan. Èyí ni ó gbé mi dé ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe òògùn tí wọ́n sì ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ iṣẹ́ náà lè rò pé ní ọjọ́ kìn-ín-ní ni a ó ti máa po òògùn tuntun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, bí a ti í fọ ọwọ́ ni a kọ́ wa. Ní ọjọ́ kejì, ìgò ni a fọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kẹta, a fún olúkúlùkù wa ní ìwé àkọsílẹ̀. Báírò ni a gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù. A kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ ya ojú-ìwé kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì í kọ, ìlà kan ṣoṣo ni yóò fà gba orí rẹ̀, kí ohun tí ó kọ tẹ́lẹ̀ lè hàn síbẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ àti ọjọ́ sí i. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ dà bí ohun tí a kò ṣe.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n yí àwọn àgbá kan wọlé. Gílísẹ́rìn ni ó wà nínú wọn, omi kan tí ó ki, tí ó dùn, tí kò sì ní àwọ̀, tí a fi ń ṣe òògùn olómi fún àwọn ọmọdé. Orúkọ rẹ̀ wà lára àgbá, ìwé ẹ̀rí sì tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé, “Mà, ṣé a tún ní láti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ìwé ti wí pé ó dára?” Ìyá tí ó jẹ́ ọ̀gá wa dáhùn pé, “Ọmọ mi, ṣé ìwé ni ọmọ aláìsàn yóò mu ni, tàbí ohun tí ó wà nínú àgbá?”

Ó wá là wá lóye. Omi mìíràn wà tí ń jẹ́ diethylene glycol. Òun náà dùn, òun náà kò ní àwọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti gílísẹ́rìn. Ohun ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ohun ẹnu, nítorí kíndìnrín ni í bà jẹ́; ọmọ tí ó bá mu ún kì yóò lè tọ̀ mọ́. Ní 1937, ó wà nínú òògùn kan ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Ní 1990, ó wọ inú òògùn ibà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ wa, ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Jos àti ní Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Ìwó. Ní 1993 ni ìjọba fi òfin dá àjọ NAFDAC sílẹ̀. Síbẹ̀, láàrin 2008 sí 2009, ó tún wọ òògùn àwọn ìkókó tí ń hu eyín, ó sì pa ju 80 lọ nínú wọn. Àìdánwò ni ó so gbogbo ìjàm̀bá wọ̀nyí pọ̀.

Ojú kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ahọ́n kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ṣe ni pé a kán ẹ̀kán kan nínú gílísẹ́rìn tí ó dára, ẹ̀kán kan nínú èyí tí ń pani, àti ẹ̀kán kan láti inú àgbá, sí ìsàlẹ̀ àwo pẹlẹbẹ kan tí a fi ìyẹ̀fun funfun kùn. A gbé àwo náà ró sínú omi kẹ́míkà díẹ̀. Bí omi náà ti ń gun àwo lọ sókè, ó ń gbé ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lọ, olúkúlùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ibi tí ẹ̀kán bá dúró sí ni yóò fi irú ohun tí ó jẹ́ hàn. Àgbá mọ́kànlá ni a yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a sì yẹ̀ wọ́n wò. Gbogbo wọn ni ó dára. A kò tìtorí bẹ́ẹ̀ wí pé a fi àkókò ṣòfò.

Ìlú odídẹrẹ́ ni a máa ń pe Ìwó. Odídẹrẹ́ gbọ́n, ohun tí ó bá gbọ́ ni yóò tún sọ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ òògùn, ẹni tí ó bá kàn tún ohun tí a kọ sára àgbá sọ kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé irú ìṣọ́ra yìí tàbùkù òògùn àwọn baba wa. Ní Àbújá, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí òògùn kan sílẹ̀ ní 1987, NIPRD ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan, Àlùfáà P. O. Ògúnyalé, fi òògùn àrùn fòníkúfọ̀ladìde tí ó mọ̀ hàn wọ́n. Èso ìyeré, igi osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ni a fi ń ṣe é, àwọn ohun tí ìyá arúgbó kankan ní Ìwó kò ṣàìmọ̀. Àwọn onímọ̀ náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò sì gbà á láìdán an wò. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò lára ẹranko, lẹ́yìn náà lára àwọn aláìsàn, kí a tó gbé e jáde fún títà ní 2006.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Nígbà tí olùkọ́ bá ní kí ẹ wọn nǹkan, tí iye tí ẹ rí sì yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì yín, ẹ má ṣe da tirẹ̀ kọ. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Ìyá tí ó ń da òògùn sínú ṣíbí fún ọmọ rẹ̀ lóru kò mọ ẹni tí ó ṣe é, kò sì lè bi í léèrè ohunkóhun. Ó gbà á gbọ́ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgbàgbọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ já sí asán lọ́wọ́ yín.