Ẹ Jẹ́ Kí Á Kó Àwọn Ọmọ Jáde ní Èkó

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ máa ń bi wá: "Dádì, Mọ́mì, níbo là ń lọ?" Èkó yìí kan náà tí à ń sùn sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ ní ibi tí ìdílé lè lọ láti gba atẹ́gùn.

A kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Lekki Conservation Centre. Igbó àti àbàtà tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78 ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 kí igi àti ẹranko ibẹ̀ má baà parun. Afárá onípákó la gbà kọjá lórí àbàtà, tí àwọn ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ẹ fi oúnjẹ pamọ́ o, ọwọ́ wọn yá! Afárá gígùn kan tún wà tí wọ́n so rọ̀ sáàárín igi, tí wọ́n ṣí ní 2015. Mítà 401 ni gígùn rẹ̀, ó sì máa ń mì. Àwa àgbà la di okùn mú gírígírí; àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay. Kí ẹ tó gbéra, kí olúkúlùkù, àtọmọdé àtàgbà, wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Láàárín 1908 sí 1912 ni wọ́n fi òkúta mọ odi wọ inú òkun, kí yanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ Èkó. Ẹ̀yìn odi yìí ni Tarkwa Bay wà, ìdí nìyí tí omi ibẹ̀ fi rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n odi kan náà ló dí yanrìn tí ì bá máa lọ sí Bar Beach lọ́nà, tí òkun fi ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Bar Beach tí èrò máa ń rọ́ lọ nígbà Àjíǹde kò sí mọ́. Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀.

Ní Elegushi àti àwọn etíkun Lekki yòókù, òkun gbangba la dojú kọ. Ìgbì tó ń padà lè wọ́ géńdé lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: kí àgbàlagbà kan máa ṣọ́ àwọn ọmọ nígbà gbogbo. Bí omi bá ń fa ènìyàn lọ, kí ó má bá a jìjàkadì. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ó tó dorí kọ ilẹ̀. Ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ bẹ́ tẹ̀lé e; kí ó ju ohun tó lè léfòó sí i, kí ó sì pariwo fún ìrànlọ́wọ́.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní èyí nílé, kí ẹ tó kó wọn jáde. Ọlọ́run yóò mú wa lọ, yóò sì mú wa bọ̀.